Ta ló ń jẹ dátà àwọn àgbà?

Ọ̀rọ̀ kan ti wọ́pọ̀ lẹ́nu àwọn àgbà wa báyìí: "Mo ra dátà lálẹ́ àná, mi ò fọwọ́ kan fóònù, ó ti tán láàárọ̀. Wọ́n ti jí i." Ẹ̀sùn náà tún wá le sí i láti oṣù kìíní ọdún 2025, nígbà tí àjọ NCC gbà kí àwọn iléeṣẹ́ ìbánisọ̀rọ̀ fi owó kún iye tí wọ́n ń gbà, tó lè tó ìdá 50 nínú ọgọ́rùn-ún. Ju ìdá 100 lọ ni àwọn iléeṣẹ́ náà tiẹ̀ kọ́kọ́ bèèrè.

A kò gbèjà iléeṣẹ́ kankan o. Ṣùgbọ́n onífóònù lè sùn, fóònù kì í sùn. Fídíò tí àwọn ẹbí àti ọmọ ìjọ ń fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, fóònù lè máa gbà á sílẹ̀ lóru láì bèèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Bẹ́ẹ̀, fídíò wákàtí kan tí àwòrán rẹ̀ mọ́ kedere lè jẹ ju 1GB lọ.

Ọgbọ́n wà tí a lè fi dín in kù. Bí ènìyàn ṣe ń ká aṣọ, tó ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kí àpótí lè gbà á, bẹ́ẹ̀ ni Opera Mini, tó ti wà láti 2005, ń ṣe: kọ̀ǹpútà tiwọn lọ́hùn-ún ni yóò kọ́kọ́ fún ohun tí ẹ fẹ́ kà lórí íntánẹ́ẹ̀tì pọ̀, kó tó wá sórí fóònù yín. (Google náà ṣe irú rẹ̀ sínú Chrome, àmọ́ wọ́n pa á tì ní 2022.) Lórí ọ̀pọ̀ fóònù Android, 'Data Saver' wà níbẹ̀ tí kì í jẹ́ kí fóònù máa jẹ dátà lábẹ́lẹ̀. Ní ti WhatsApp, abẹ́ 'Storage and data' ni ẹ ti máa sọ fún un pé kó má gba fídíò fúnra rẹ̀ mọ́. Kí ẹ tó sùn, ẹ tẹ *323#, kí ẹ wo èyí tó kù. Ẹ tún tẹ̀ ẹ́ láàárọ̀. Ẹni tí iléeṣẹ́ kò bá dá lóhùn lè fi ẹjọ́ sùn NCC lórí 622, ọ̀fẹ́ ni.

Èyí tó ń bí wa nínú ni pé èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ọ̀pọ̀ nínú ìtọ́ni wọ̀nyí. Mélòó nínú àwọn ìyá wa lóko ló máa mọ ohun tí 'Storage and data' ń wí? Kí NCC pa á láṣẹ fún àwọn iléeṣẹ́ pé kí wọ́n ṣàlàyé rẹ̀ fún oníbàárà ní èdè tó gbọ́. Kí ẹni tó bá sì ta fóònù fún àgbàlagbà bá a tò ó dáadáa kó tó gbowó.