Ta Ni Ó Ń San Owó Ìtọ́wò Náà?

Gbogbo ọpẹ́ ni ti Ọlọ́hun Ọba, Ẹni tí ó fún ọmọ ènìyàn ní làákàyè, tí ó sì ṣe ohun tí ń ba làákàyè náà jẹ́ ní èèwọ̀ fún un. Kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá Ànábì Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀, àwọn sàábé rẹ̀, àti gbogbo ẹni tí ó bá tọ ipasẹ̀ wọn títí di Ọjọ́ Àjíǹde.

Lẹ́yìn ìyìn àti ọpẹ́, ó yẹ kí gbogbo ọ̀dọ́ Mùsùlùmí mọ̀ pé Ṣàítáánì kì í fi aṣọ kan ṣoṣo rìn. Ní ayé àtijọ́, ẹni tí ó bá fẹ́ mu ọtí a máa yọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ lọ sí ilé ọlọ́tí. Ojú a sì máa tì í bí ó bá pàdé bàbá rẹ̀ lójú ọ̀nà. Lóde òní, ọtí ti jáde kúrò ní ilé ọlọ́tí. Ó ti wọ aṣọ ìmọ̀, ó ti wọ aṣọ ìgbafẹ́, ó tilẹ̀ ti gun kẹ̀kẹ́.

Kẹ̀kẹ́ tí ọ̀rọ̀ kàn yìí ni kẹ̀kẹ́ oníbátìrì, tí àwọn arìnrìn-àjò afẹ́ ń gùn káàkiri àárín ọgbà àjàrà pẹ̀lú amọ̀nà níwájú wọn, tí wọ́n sì ń tọ́ ọtí wáìnì wò láti oko kan dé òmíràn. Irú ìrìn-àjò yìí wà ní Napa ní Amẹ́ríkà, ó wà ní Tuscany ní Ítálì, ó sì wà ní àyíká Bordeaux ní ilẹ̀ Faransé. Ṣùgbọ́n èyí tí ó sún mọ́ ọmọ Áfíríkà jù lọ ni ti Stellenbosch àti Franschhoek, ní ìgbèríko Western Cape ní Gúúsù Áfíríkà, tí kò jìnnà sí ìlú Cape Town. Àwọn ọmọ Nàìjíríà ń lọ sí Cape Town fún ìsinmi, fún ìpàdé iṣẹ́, àti fún ìgbafẹ́ lẹ́yìn ìgbéyàwó. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè tí ènìyàn lè gbọ́ kí ó dákẹ́.

Bí wọ́n ti ń ṣe é nìyí. Oníbàárà yóò san owó, wọn yóò fún un ní kẹ̀kẹ́ àti akoto. Bátìrì wà lára irin kẹ̀kẹ́ náà, ẹ́ńjìnnì kékeré sì ń bá ẹsẹ̀ ṣiṣẹ́, tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tí kò gun kẹ̀kẹ́ láti ogún ọdún yóò fi gun òkè láì mí hẹlẹ. Amọ̀nà yóò ṣáájú, yóò máa sọ ìtàn oko àti ti òkè. Wọn yóò dúró ní oko méjì tàbí mẹ́ta. Ní oko kọ̀ọ̀kan, wọn yóò to ife sílẹ̀, wọn yóò sì bu díẹ̀díẹ̀ nínú oríṣiríṣi wáìnì sí i. Àlejò yóò wo àwọ̀ rẹ̀, yóò gbọ́ òórùn rẹ̀, yóò sì fi ahọ́n tọ́ ọ wò. Korobá kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fún ẹni tí ó bá fẹ́ tu ú dànù. Lẹ́yìn èyí, gbogbo wọn yóò tún gun kẹ̀kẹ́, ó di oko kejì.

Kẹ̀kẹ́ kì í ṣe hàráámù. Òkè Stellenbosch kì í ṣe hàráámù, ẹwà rẹ̀ sì jẹ́ àmì nínú àwọn àmì Ọlọ́hun. Ìrìn-àjò náà kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Àlùkùránì Alápọ̀nlé tilẹ̀ pa á láṣẹ, nínú Súrà Al-An'am, 6:11, pé kí àwọn ènìyàn rìn lórí ilẹ̀, kí wọ́n sì wo bí àtubọ̀tán àwọn tí ó pe òdodo ní irọ́ ti rí. Àṣẹ náà ní apá méjì: rírìn àti wíwò. Àwọn tí ń ta ìrìn-àjò wáìnì ti mú apá kìn-ín-ní, wọ́n ti sọ ọ́ di ọjà. Apá kejì ni ó yẹ kí ọ̀dọ́ Mùsùlùmí béèrè lọ́wọ́ wọn. Ta ni ó gbin àjàrà yìí? Kí ni wọ́n sì fi san owó iṣẹ́ rẹ̀ fún un?

Ní 1652 ni Jan van Riebeeck, òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ òwò àwọn ará Họ́láǹdì, gúnlẹ̀ sí Cape. Ní 1655 wọ́n gbin àjàrà síbẹ̀. Nígbà tí ó di oṣù kejì 1659, wọ́n fún wáìnì àkọ́kọ́. Ẹ kíyè sí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ láàárín méjèèjì. Ní 1658 ni ọkọ̀ ojú omi méjì kó ẹrú púpọ̀ dé Cape fún ìgbà àkọ́kọ́. Ọ̀kan kó ọmọ Àǹgólà. Èkejì, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Hasselt, kó àwọn ènìyàn láti etíkun Pópó, ní ìhà ilẹ̀ tí a mọ̀ sí Benin àti Togo lónìí, tí kò jìnnà sí Badagry. Lẹ́yìn wọn ni wọ́n kó ará Madagascar, ará Mozambique, ará Íńdíà àti ará àwọn erékùṣù Indonesia. Ọwọ́ àwọn wọ̀nyí ni ó ro ilẹ̀ oko àjàrà. Ọwọ́ wọn ni ó kọ́ púpọ̀ nínú àwọn ilé funfun ẹlẹ́wà tí àwọn arìnrìn-àjò ń dúró síwájú wọn ya fọ́tò.

Òfin kéde ìtúsílẹ̀ àwọn ẹrú ní 1834, ṣùgbọ́n wọ́n tún fi ọdún mẹ́rin sìn kí wọ́n tó bọ́ ní 1838. Nígbà tí ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ já, ọtí ni ó gba ipò rẹ̀. Àṣà kan wà tí wọ́n ń pè ní dop, tí ó ti wà láti ìgbà oko ẹrú: àwọn olóko ń fi ife wáìnì olówó pọ́ọ́kú san apá kan owó iṣẹ́ àwọn alágbàṣe, láàárọ̀, lọ́sàn-án àti nírọ̀lẹ́. Ẹni tí wọ́n fi ọtí san owó rẹ̀ yóò darí sílé ní ọwọ́ òfo. Nígbà tí ọtí náà bá sì ti mọ́ ọn lára, kò sí ẹni tí yóò fi okùn fà á. Òun fúnra rẹ̀ ni yóò padà wá láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Òfin Gúúsù Áfíríkà ka àṣà náà léèwọ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, síbẹ̀ àwọn oko kan ń ṣe é títí wọ inú àwọn ọdún 1990.

Àwọn obìnrin wà nínú àwọn tí ń mu wáìnì yìí, àwọn obìnrin náà sì ń lóyún. Ọtí tí aboyún bá mu a máa dé ara ọmọ inú rẹ̀. Ó lè ba ọpọlọ ọmọ náà jẹ́, ó lè mú kí ó rán, ó sì lè mú kí ẹ̀kọ́ nira fún un ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀. Kò sí oògùn tí ó lè tún un ṣe. Ní 1997, àwọn oníwádìí yẹ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ kéékèèké wò ní ìlú kan ní agbègbè oko àjàrà Western Cape. Àbájáde tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2000 fi hàn pé iye tí àrùn yìí mú lé ní 40 nínú 1,000 ọmọ. Títí di ìgbà náà, kò sí ibòmíràn ní gbogbo àgbáyé tí àwọn oníwádìí ti kéde iye tí ó tó bẹ́ẹ̀. Àwọn ọmọ wọ̀nyí kò béèrè fún ọtí. Síbẹ̀ àwọn ni wọ́n ń san owó rẹ̀.

Pẹ̀lú gbogbo èyí, àwáwí kò tán lẹ́nu àwọn kan. Àwáwí àkọ́kọ́ ni pé ìtọ́wò ni, kì í ṣe mímu, àti pé korobá wà nílẹ̀. Yorùbá ní díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọ ọgbà. Hádíìsì tí Abu Dawud àti Tirmidhi gbà wá fi hàn gbangba pé ohun tí púpọ̀ rẹ̀ bá ń pani, díẹ̀ rẹ̀ pẹ̀lú jẹ́ hàráámù. Àlùkùránì, nínú Súrà Al-Ma'idah, 5:90, kò sì sọ pé kí onígbàgbọ́ dín ọtí kù. Jíjìnnà sí i ni ó pa láṣẹ. Ẹni tí ó fi imú fa òórùn ọtí, tí ó fi ahọ́n yí i ká nínú ẹnu, tí ó wá tu ú sínú korobá, ǹjẹ́ ẹni náà ti jìnnà sí i?

Ẹ tún wo ìṣirò rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ife mẹ́rin ní oko kọ̀ọ̀kan, tí oko sì jẹ́ mẹ́ta, díẹ̀ ti di púpọ̀ kí oòrùn tó wọ̀, ẹni náà sì wà lórí ohun tí ẹ́ńjìnnì ń tì. Bátìrì ń fi agbára kún ẹsẹ̀ rẹ̀ ní àkókò kan náà tí ọtí ń dín òye rẹ̀ kù. Àwọn onímọ̀ ìṣègùn, tí wọn kò ti orí ẹ̀sìn sọ̀rọ̀, ti wá dé ibi tí Ìsìláàmù ti wà láti ọjọ́ pípẹ́. Ní oṣù kìn-ín-ní 2023, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé kò sí ìwọ̀n ọtí kan tí kò ní ewu fún ìlera. Láti 1988 ni ẹ̀ka rẹ̀ tí ń ṣe ìwádìí jẹjẹrẹ ti ka ọtí mọ́ àwọn ohun tí ó dájú pé wọ́n ń fa àrùn náà. Àjọ náà ṣírò rẹ̀ pé ní 2019 nìkan, ọtí ṣe okùnfà ikú nǹkan bíi mílíọ̀nù 2.6 ènìyàn.

Àwáwí kejì ni ti ẹni tí ó ní òun kò ní fi ẹnu kàn án, pé òun kàn fẹ́ bá àwọn ẹlẹgbẹ́ òun lọ ni. Eléyìí le ju ti àkọ́kọ́ lọ, nítorí pé ó jọ ìwà rere. Ṣùgbọ́n owó ìrìn-àjò náà ti ní owó ọtí nínú. Ẹni tí ó san án ti ra ọtí, yálà ó mu ìpín tirẹ̀ tàbí ó gbé e fún ẹlòmíràn. Ènìyàn mẹ́wàá ni Ànábì, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, kà mọ́ àwọn tí ègún ọtí dé bá, láti orí ẹni tí ó fún un dé orí ẹni tí ó gbé e, ẹni tí ó tà á, ẹni tí ó rà á àti ẹni tí wọ́n rà á fún. Amutí jẹ́ ẹnì kan ṣoṣo nínú mẹ́wàá. Ó tún kìlọ̀ fún ẹni tí ó gba Ọlọ́hun àti Ọjọ́ Ìkẹyìn gbọ́ pé kí ó má ṣe jókòó sí ìdí tábìlì tí wọ́n ti ń gbé ọtí káàkiri. Àgùntàn tí ó bá bá ajá rìn yóò jẹ ìgbẹ́.

Àwáwí kẹta ni pé àwọn tálákà ń rí iṣẹ́ ṣe nídìí rẹ̀. Òtítọ́ wà níbẹ̀, Ìsìláàmù kò sì sẹ́ òtítọ́. Súrà Al-Baqarah, 2:219, jẹ́wọ́ pé àǹfààní wà nínú ọtí fún àwọn ènìyàn, kí ó tó fi yé wa pé ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ tóbi ju àǹfààní rẹ̀ lọ. Ìbéèrè ni pé ta ni àǹfààní náà ń dé ọwọ́ rẹ̀. Ní 2011, àjọ Human Rights Watch tẹ ìròyìn kan jáde lórí ìyà tí ń jẹ àwọn òṣìṣẹ́ oko èso àti oko wáìnì ní Western Cape. Ní 2012, àwọn òṣìṣẹ́ oko àjàrà ní De Doorns gùn lé ìyanṣẹ́lódì, ó sì ràn káàkiri ìgbèríko náà. Owó tí ó kéré jù lọ tí òfin ní kí wọ́n máa san fún wọn nígbà náà jẹ́ 69 rand fún iṣẹ́ ọjọ́ kan; ní 2013 ni ìjọba sọ ọ́ di 105 rand. Ẹni tí àánú òṣìṣẹ́ oko bá ń ṣe ní òtítọ́ yóò bá wọn bèèrè owó tí ó tọ́ àti ilé tí ó dára. Kò ní gbé ife sókè kí ó sì pe ìyẹn ní àánú.

Kí wá ni kí ọ̀dọ́ Mùsùlùmí tí iṣẹ́ tàbí ìsinmi gbé dé Cape Town ṣe? Kí ó sọ ipò rẹ̀ fún àwọn tí ń ṣètò ìrìn-àjò náà kí wọ́n tó sanwó, kì í ṣe ìgbà tí ife bá ti dé iwájú rẹ̀. Ẹni tí ó bá sọ ọ́ ní kùtùkùtù kì í pẹ́ rí ẹni tí yóò bọ̀wọ̀ fún un. Ìtìjú ọjọ́ kan sàn ju àbámọ̀ ọjọ́ pípẹ́. Kí ó gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀ bí ó bá wù ú, kí ó gba ojú ọ̀nà tí kò sí ìtọ́wò nínú rẹ̀.

Ibi tí ó yẹ kí ó lọ wà nítòsí. Odò Eerste, tí ó la ìlú Stellenbosch kọjá, ń ṣàn lọ sí òkun nítòsí ibi tí wọ́n ń pè ní Macassar. Ibẹ̀ ni oko Zandvliet, níbi tí àwọn ará Họ́láǹdì kó Ṣéè Yusuf, onímọ̀ ńlá láti Makassar ní Indonesia, wá sí ìgbèkùn ní 1694 pẹ̀lú 49 nínú ẹbí àti ọmọlẹ́yìn rẹ̀, nítorí pé ó bá wọn jagun ní Banten. Wọ́n rò pé àwọn ti mú un jìnnà sí àwùjọ. Ṣùgbọ́n àwọn ẹrú tí ó sá lọ́wọ́ olówó wọn ń wá a lọ, títí ó fi kú ní 1699. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Lémọ́ọ̀mù Abdullah, tí wọ́n ń pè ní Tuan Guru, tí wọ́n kó dé ní 1780, kọ Àlùkùránì sílẹ̀ láti inú orí rẹ̀ nínú ẹ̀wọ̀n erékùṣù Robben. Òun sì ni Lémọ́ọ̀mù àkọ́kọ́ ní mọ́ṣáláṣí Auwal, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Cape Town ní 1794. Ilẹ̀ kan náà ni, àwọn ẹrú kan náà sì ni. Olóko gbé ife fún wọn, àwọn aáfà wọ̀nyí gbé Àlùkùránì fún wọn.

Kí ẹni tí ó bá lọ sí Macassar má ṣe lọ tọrọ ohunkóhun lọ́wọ́ òkú. Ọlọ́hun nìkan ni à ń tọrọ lọ́wọ́ rẹ̀. Kí ó lọ kọ́ ẹ̀kọ́, kí ó ṣe àdúà fún àwọn tí ó ti ṣáájú, kí ó sì padà sílé láti sọ fún àwọn ọmọdé ohun tí àwọn amọ̀nà ọgbà àjàrà kò sọ.

Kí Ọlọ́hun Ọba fi ẹsẹ̀ àwọn ọ̀dọ́ Mùsùlùmí múlẹ̀ nílé àti lájò. Kí Ó ṣàánú àwọn ọmọ tí ọtí ẹlòmíràn bà láyé jẹ́, kí Ó sì fún àwọn alágbàṣe ní ẹ̀tọ́ wọn lọ́wọ́ àwọn tí ń rẹ́ wọn jẹ. Àmín.