ÌLERA ÌDÍLÉ: Ẹ Béèrè Kí Ẹ Tó Sanwó Eyín
Ẹ̀yin ará wa ní Igangan, bí eyín bá ká tán lẹ́nu àgbà, ẹran á di ohun tí à ń wò. Ṣùgbọ́n kí a tó gbé ìyá wa wọkọ̀ lọ sí UCH n'Ìbàdàn fún eyín àtọwọ́dá, ẹ jẹ́ ká rántí: nínú ètò adójútòfò ìlera tí Ìjọba Àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 2005, tí òfin 2022 sọ di dandan, ilé ìwòsàn tí a forúkọ sílẹ̀ sí ló ń kọ̀wé ránni síwájú. Káàdì tó sanwó eyín yíyọ sì lè má san ti àtọwọ́dá. Ẹ béèrè: èló ni tiwọn, èló ni tiwa? Kí àwọn ọmọ wá dáwó jọ. Bí eyín bá dé, ẹ máa bọ́ ọ lálẹ́, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ rẹ ẹ́ sínú omi tútù.