Sinimá Tó Dára Lójú

Ẹ̀yin ìjòyè àti ọ̀mọ̀wé Ìpàpó, a ti wo Mami Wata, sinimá aláwọ̀ dúdú àti funfun tí C.J. Obasi yà ní ilẹ̀ Dàhòmì, tí a ń pè ní Benin nísinsìnyí. Ní 2023, Lílis Soares, ọmọ ilẹ̀ Brazil, gba ẹ̀bùn ìyàwòrán lórí rẹ̀ ní Sundance, ní Amẹ́ríkà. Ẹ̀bùn náà tọ́ sí i: efun tí wọ́n fi kun ojú àti irun dídì wọn wù wá bí aṣọ òkè Ìsẹ́yìn.

Ìtàn rẹ̀ ńkọ́? Ọmọdé kan kú, ìgbàgbọ́ abúlé sì yẹ̀. A ń retí láti mọ ohun tó wà lọ́kàn Mama Efe, àwòrán ẹlẹ́wà mìíràn ni wọ́n fi dá wa lóhùn. Ọmọ Ìpàpó tó ń gbọ́ àlọ́ yóò béèrè pé, “Lẹ́yìn náà ńkọ́?” Àwa bẹ àwọn tí ń ṣe sinimá kí wọ́n má ṣe torí ẹ̀bùn òkèèrè kọ etí dídi sí i.