Láti Kútọnu sí Èkó lójú òfurufú

Ìrìn tààrà, èyíinì ni ọ̀nà tó kúrú jù lọ láàrin ibi méjì lórí ilẹ̀ ayé, láti pápákọ̀ òfurufú Cadjèhoun ní Kútọnu dé ti Murtala Muhammed ní Ìkẹjà kò ju nǹkan bí kìlómítà 106 lọ, bàálù kì í sì í lo wákàtí kan lójú òfurufú. Àmọ́ ará Banigbé ní Ifangni, ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, tí bodè Nàìjíríà wà nítòsí rẹ̀, gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) lọ sí Kútọnu, kí ó sì dúró fún àyẹ̀wò ìwé àti ẹrù, kí ó tó wọ bàálù. Nígbà tí Nàìjíríà ti bodè ilẹ̀ ní oṣù Kẹjọ ọdún 2019, ọ̀nà òfurufú ṣí sílẹ̀, ṣùgbọ́n kò ran aláàárù tàbí ìyálọ́jà lọ́wọ́ rárá. Ọ̀nà ilẹ̀ ni ó yẹ kí ìjọba méjèèjì kọ́kọ́ mú rọrùn.