Ẹ bi oníwàásù ìgbà ìkẹyìn pé: ta ni ọ̀rọ̀ náà ń bá wí?

Láti Kétu dé Ṣábẹ̀ẹ́, títí dé Àjàṣẹ́, ìwàásù ìgbà ìkẹyìn kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni mọ́. A ń gbọ́ ọ lórí rédíò, a ń gbọ́ ọ láàárín ọjà, ó sì ń wọlé bá wa lórí WhatsApp lóru. Wọ́n ní ìgbà méje ni Ọlọ́run pín ìtàn ayé sí, wọ́n ní a ti dé ìparí ìkẹfà, wọ́n ní Ìgbàsókè kù sí dẹ̀dẹ̀. Ẹ̀kọ́ yìí ní orísun, ó sì ní ìlànà. Èrò wa ni pé ẹni tó bá mọ ìlànà náà dáadáa kò ní jẹ́ kí oníwàásù kan fi dẹ́rù bà á débi tí yóò fi ta oko rẹ̀.

Ẹni tó tò ó jọ bí a ṣe mọ̀ ọ́n lónìí ni John Nelson Darby, tí wọ́n bí ní 1800. Àlùfáà ìjọ Áńgílíkà ló jẹ́ ní Ireland kó tó kúrò níbẹ̀, tó sì di aṣáájú láàárín àwọn tí wọ́n ń pè ní Plymouth Brethren. Ẹni tó tan ẹ̀kọ́ náà kálẹ̀ jù ni C. I. Scofield, agbẹjọ́rò ará Amẹ́ríkà tó di pásítọ̀. Ní 1909, Oxford University Press tẹ Bíbélì kan jáde tí Scofield kọ àlàyé tirẹ̀ sí. Nítorí pé àlàyé àti ẹsẹ jọ wà lójú ewé kan náà, ọ̀pọ̀ òǹkàwé kò mọ ibi tí Pọ́ọ̀lù ti dákẹ́ tí Scofield sì ti bẹ̀rẹ̀. Kí ẹ sì rántí pé Samuel Ajayi Crowther, tó ṣáájú nínú títúmọ̀ Bíbélì sí Yorùbá, ti kú ní 1891, ọdún 18 kí Bíbélì Scofield tó jáde.

Ìlànà mẹ́ta ló gbé ẹ̀kọ́ náà ró. Èkíní ni pé kí a ka ọ̀rọ̀ bó ṣe wà: bí ó bá ní Ísírẹ́lì, Ísírẹ́lì ni, bí ó bá ní ẹgbẹ̀rún ọdún, ẹgbẹ̀rún ọdún ni. Èkejì ni pé ọ̀tọ̀ ni Ísírẹ́lì, ọ̀tọ̀ ni Ìjọ. Ìlérí tí a ṣe fún ọ̀kan kò di ti èkejì. Ẹ̀kẹta ni pé iṣẹ́ tí Ọlọ́run fi lé ènìyàn lọ́wọ́ ń yí padà láti ìgbà dé ìgbà, bí olówó ṣe ń yí iṣẹ́ padà fún ìríjú rẹ̀. Scofield ka méje: ìgbà àìlẹ́ṣẹ̀ nínú ọgbà Édẹ́nì, ìgbà ẹ̀rí ọkàn, ìgbà ìjọba ènìyàn lẹ́yìn ìkún omi, ìgbà ìlérí fún Ábúráhámù, ìgbà Òfin Mósè, ìgbà oore-ọ̀fẹ́ tí a wà yìí, àti ìgbà Ìjọba tó ń bọ̀.

A kò sọ pé kò sí ọgbọ́n nínú rẹ̀. Ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ọlọ́run ní kí Nóà kan ọkọ̀, kò sì sí ẹnikẹ́ni nínú wa tó ń kan ọkọ̀. Òfin Mósè ní kí Ísírẹ́lì má jẹ ẹran ẹlẹ́dẹ̀, ọ̀pọ̀ Kristẹni láàárín wa sì ń jẹ ẹ́ láìbẹ̀rù. Gbogbo wa la ń béèrè, bí a kò tilẹ̀ mọ̀ pé à ń béèrè, pé ta ni a sọ ọ́ fún, àti nígbà wo. Síbẹ̀, ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ìjọ Kátólíìkì gbà pé Kristi ń bọ̀, ṣùgbọ́n kò kọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ ní àtẹ ìgbà méje yìí. Ẹni tí kò bá gbà á kì í ṣe kèfèrí.

Ibi tí inú wa kò ti dùn ni bí àwọn kan ṣe ń lò ó. Ẹ̀kọ́ Darby fúnra rẹ̀ sọ pé Ìgbàsókè kò ní àmì tí yóò ṣáájú rẹ̀. Ó lè ṣẹlẹ̀ nígbàkígbà. Nítorí náà, ẹni tó bá dá ọjọ́ ti tako ẹ̀kọ́ tó ní òun ń kọ́ni, ó sì ti tako Mátíù orí 24, níbi tí Jésù ti sọ pé Baba nìkan ló mọ ọjọ́ náà. Ní Amẹ́ríkà, Edgar Whisenant kọ ìwé tó fi ẹ̀rí 88 hàn pé Ìgbàsókè yóò wáyé láàárín ọjọ́ 11 sí 13 oṣù kẹsàn-án 1988. Ọjọ́ náà kọjá. Harold Camping, tí kì í ṣe ọmọlẹ́yìn Darby, dá ọjọ́ 21 oṣù karùn-ún 2011. Òun náà kọjá, àwọn kan nínú àwọn tó gbà á gbọ́ sì ti ná owó tí wọ́n fi pamọ́ tán.

Ohun kejì kan àpò wa tààrà. Málákì orí 3, tó sọ̀rọ̀ ìdámẹ́wàá, Ísírẹ́lì ló ń bá wí, lábẹ́ Òfin, nígbà tí tẹ́ńpìlì àti àwọn ọmọ Léfì wà. Bí a bá tẹ̀lé ìlànà ìgbà méje, ìgbà karùn-ún ló wà, kì í ṣe ìkẹfà. Lewis Sperry Chafer, tó wà lára àwọn tó dá ilé ẹ̀kọ́ ìsìn tó wà ní Dallas sílẹ̀ ní 1924, ti kọ́ni pé ìdámẹ́wàá kì í ṣe ọ̀ranyàn fún Kristẹni ìgbà oore-ọ̀fẹ́. Síbẹ̀, oníwàásù kan lè fi àtẹ náà hàn wá láàárọ̀, kó sì ká a kúrò nílẹ̀ nígbà tí àkókò owó bá tó, kó wá máa fi ègún Málákì halẹ̀ mọ́ ìyá aláta. Òǹtajà tó bá fi òṣùwọ̀n ńlá rà tó fi kékeré tà, gbogbo ọjà ló mọ orúkọ tó yẹ ká pè é. A kò ní kí ẹnikẹ́ni má mú ọrẹ wá. Ohun tí a ń sọ ni pé kó wá láti ọkàn, kó má ṣe jẹ́ ti ìbẹ̀rù.

Kí ẹ tó kó owó àjọ yín tàbí owó kajú ọdún yìí lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ nítorí ìgbà ìkẹyìn, ẹ bi í ní ìbéèrè mẹ́ta. Ẹsẹ Bíbélì ni èyí ni, àbí àlàyé ẹnì kan? Ta ni a sọ ọ́ fún? Ṣé òṣùwọ̀n kan náà ni ẹ fi ń wọn ìlérí, òfin àti owó? Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ rẹ̀ kò ní bínú sí ìbéèrè.

Àwọn ará Tẹsalóníkà ni Pọ́ọ̀lù kọ ọ̀rọ̀ tí gbogbo oníwàásù Ìgbàsókè dì mú sí. Nígbà tí ó sì gbọ́ pé àwọn kan láàárín wọn kò ṣiṣẹ́ mọ́, ó kọ lẹ́tà kejì sí wọn pé kí wọ́n padà sẹ́nu iṣẹ́, kí wọ́n máa jẹ oúnjẹ ara wọn. Nítorí náà, ẹ gbin àgbàdo yín, ẹ san owó ilé ìwé àwọn ọmọ, ẹ ṣí ìsọ̀ yín láàárọ̀. Ẹni tó ń retí Olúwa lè ṣe gbogbo ìyẹn.