Àwọ̀n tó sọnù kò yé pẹja: Wàhálà ọ̀rá nínú ọ̀sà Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́

Láti ọjọ́ kìíní, oṣù keje, ọdún 2025 ni ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ti fòfin de ọ̀rá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ife, ṣíbí àti sírọ́ọ̀ oníke tí wọ́n ń lò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ṣáájú ìgbà náà, lọ́dún 2024, wọ́n ti lé abọ́ oúnjẹ tí wọ́n ń pè ní styrofoam kúrò lọ́jà. Ohun tó dára ni. Ṣùgbọ́n ọ̀rá mìíràn wà létí omi Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́ tí òfin náà kò dárúkọ rárá: okùn ìwọ̀ àti àwọ̀n tó ti jákulẹ̀.

Láyé àtijọ́, òwú àti ìkọ́ ọ̀pẹ ni wọ́n fi ń hun àwọ̀n. Bó bá bọ́ sómi, yóò jẹrà. Nígbà tí okùn nylon, tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ní Amẹ́ríkà ní ìparí àwọn ọdún 1930, dé, ọ̀rọ̀ yí padà. Ó lágbára, kò wọ́n jù, ẹja kì í tètè rí i. Àjọ NOAA, tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òkun ní Amẹ́ríkà, ṣírò pé okùn ìwọ̀ onínylon lè lo 600 ọdún kó tó rà tán.

Èyí tó burú jù ni pé àwọ̀n tó sọnù kì í jáwọ́ iṣẹ́. Èpìyà yóò kó sí i, yóò kú, òórùn òkú rẹ̀ yóò pe òmíràn wá. Ẹja tí ẹnikẹ́ni kò jẹ ni, tí ẹnikẹ́ni kò sì tà ní ọjà Olúwo l'Ẹ̀pẹ́. Àwọn tó ń wọkọ̀ ojú omi láti Èbúté Ìkòròdú lọ sí Èkó náà ní ìpín tiwọn níbẹ̀, nítorí bí ọ̀rá bá wé mọ́ abẹ́ tó ń yí nídìí ẹ́ńjìnnì, àárín ọ̀sà ni ọkọ̀ yóò dúró sí.

Àṣìṣe ńlá ni kí wọ́n máa pe àwọn apẹja ní ọ̀bùn. Ta ni yóò mọ̀ọ́mọ̀ ju àwọ̀n tó fowó rà nù? Nígbà òjò, Odò Ògùn àti Odò Ọ̀ṣun a máa gbé koríko àti pàǹtí wọ inú ọ̀sà, wọn a sì wọ́ àwọ̀n lọ. Ọkọ̀ a gba orí rẹ̀ kọjá, kùkùté abẹ́ omi a fà á ya. Èyí tí wọ́n ń sọ nù ní tòótọ́ ni ègé kéékèèké tí wọ́n gé kúrò nígbà tí wọ́n ń tún àwọ̀n ṣe. Ẹnu ọ̀nà òkun kò sì sí nítòsí Ẹ̀pẹ́. Ibi tí ègé yìí bọ́ sí náà ló sábà ń wà.

Lọ́dún 2018, àjọ FAO fọwọ́ sí ìlànà pé kí àwọn orílẹ̀-èdè máa sàmì sí irinṣẹ́ ìpẹja, kí wọ́n lè mọ olówó rẹ̀. Èyí lè bá ọkọ̀ ńlá mu. Fún ẹni tó fi gbèsè ra àwọ̀n, tó sì ń tukọ̀ lóru, ìnáwó mìíràn ni. Ohun tí wọ́n ṣe ní Florida ló sún mọ́ wa jù: láti 2001 ni wọ́n ti ń kan páìpù oníke mọ́ òpó etí omi káàkiri, kí àwọn apẹja máa sọ okùn tó ti gbó sínú rẹ̀. Páìpù bẹ́ẹ̀ kò ju agbára ìjọba ìbílẹ̀ lọ. Kíkó o kúrò nígbà tó bá kún ni iṣẹ́, LAWMA ló sì yẹ kó gbà á ṣe, nítorí àwọn tó ń ra ike omi lóde kò lè yọ́ nylon pọ̀ mọ́ ọn.

Àwọn kan tún wà tí ìjọba kì í rántí, ìyẹn àwọn ìyá ẹlẹ́ja tó ń yá apẹja lówó àwọ̀n kí wọ́n lè kó ẹja wá fún wọn. Bí wọ́n bá ní àfi kí apẹja kó èyí tó ya dé kí wọ́n tó yá a lówó tuntun, kò sí ọlọ́pàá tí yóò nílò láti dúró sí èbúté.