Káàdì Tí Kì Í Kú

Láti ọjọ́ 11 oṣù Keje ọdún 2016 ni òfin ìlera àgbáyé ti sọ pé yẹ́lò káàdì, ìwé ẹ̀rí abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀, yóò wúlò títí ọjọ́ ayé ẹni tó ni ín. Èyí tí wọ́n kọ ọdún 10 péré sí tẹ́lẹ̀ náà wà lábẹ́ òfin yìí. Ṣùgbọ́n bí arìnrìn-àjò bá bọ́ sọ́wọ́ òṣìṣẹ́ tí kò mọ̀ pé òfin ti yí padà, ó lè san owó tí kò jẹ, tàbí kí ó gba abẹ́rẹ́ tí òfin kò béèrè. Àìmọ̀ òṣìṣẹ́ kò yẹ kó di gbèsè ará ìlú. Kí ìjọba lẹ òfin náà mọ́ ògiri gbogbo ẹnubodè, kí arìnrìn-àjò lè nàka sí i.